Glenda Crabtree àti Ẹni Tó Gbé Ìdí Àgbá

Àwọn ènìyàn kan wà tí ìbínú wọn dà bí iná tó ràn mọ́ koríko gbígbẹ: yóò là fòò, yóò sì ti kú kí ẹni tó lọ pọn omi tó padà dé. Ti Glenda Crabtree kò rí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ máa ń wọlé, á jókòó, á bọ́ bàtà, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Opó ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ilẹ̀kùn Àgbò Dúdú, ilé ọtí kan ní Harrowclough, ìlú kékeré tó há sáàárín òkè méjì ní Yorkshire, níbi tí òjò kì í ti í tọrọ àyè kó tó rọ̀. Iléeṣẹ́ kan ló ni ilé náà. Glenda yá a lọ́wọ́ wọn ni, òkè rẹ̀ ló ń gbé, òun ló sì ti ń tọ́jú ọtí bítà inú àjà ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀, Irvin Stott, ló ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Irvin gbà gbọ́ pé ọwọ́ obìnrin máa ń mú kí bítà kan, kò sì jẹ́ kí obìnrin kankan kọjá ẹnu àtẹ̀gùn àjà ilẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Glenda nígbà tó yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá fà á létí gòkè wá. Bó ti ń fà á bọ̀, ọmọ náà ń béèrè pé, "Ṣebí Màmá ló ń fọ gbogbo ife tí wọ́n fi ń mu ún? Ọwọ́ obìnrin kọ́ nìyẹn? Kí ló dé tí kò tíì kan?" Irvin gbá a ní etí kejì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kò fi ọtí kan ẹnu rí títí tó fi kú, tó sì ń fọ ife ọ̀mùtí lójoojúmọ́ láìkùn. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìdáná pé kó dákẹ́, pé òtítọ́ kì í ṣègbé, ó kàn máa ń pẹ́ lọ́nà ni. Glenda dákẹ́. Dídákẹ́ kọ́ ni kó má bínú.

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, Irvin ṣubú lórí àtẹ̀gùn kan náà, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí ibùsùn, tó ń pàṣẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó máa bá òun tọ́jú àwọn àgbá. Ọ̀rẹ́ náà kò mọ nǹkan kan nípa àgbá. Glenda ló ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn oníbàárà mu bítà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé àìsàn ló ń mú ọtí Irvin dùn tó báyìí, kó má wulẹ̀ dìde mọ́. Nígbà tí àṣírí tú sí i lọ́wọ́, Irvin ní kí wọ́n gbé ife kan wá fún òun. Ó tọ́ ọ wò, ó wo àjà, ó ní, "Kò burú," ó sì kọjú sí ògiri. Lẹ́nu ará Yorkshire, ẹni tí wọ́n bá sọ ìyẹn fún ti gba oyè. Glenda kò gbà á bí oyè. Ó ní bàbá òun ìbá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ etí òun méjèèjì.

Bítà kì í ṣe ọtí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tí wọ́n ń dé pa. Láàyè ló ń dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó pọn ọ́n, ìwúkàrà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ àgbá sílẹ̀ lórí ikùn rẹ̀, wọ́n á fi èèkàn igi kékeré gún un lẹ́yìn kó lè máa mí, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á fi rọ̀ sísàlẹ̀, tí ọtí á tòrò. Ẹni tó bá kánjú á mu ẹrẹ̀. Ẹni tó bá jáfara á mu ọtí kíkan. Ọjọ́ bíi mẹ́ta péré ló wà láàárín ẹrẹ̀ àti kíkan, inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni Glenda sì ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn, á kọ́kọ́ fa ọtí tó sùn mọ́jú sínú ọ̀pá tó ń gbé e láti àjà ilẹ̀ wá sókè dànù. Lẹ́yìn náà ni á fa ààbọ̀ ife kan fún ara rẹ̀. Á gbé e sókè síbi fèrèsé. Bí kò bá lè rí àgùntàn tó ń jẹko lórí òkè gba inú ife náà, a jẹ́ pé kò tíì tòrò, kò sì ní í tà á. Á gbóòórùn rẹ̀. Á mu díẹ̀, á jẹ́ kó yí ahọ́n rẹ̀ ká, á sì gbé e mì. Àwọn kan máa ń tu ú dànù bí wọ́n bá tọ́ ọ wò tán. Glenda ní ìwà òmùgọ̀ nìyẹn, pé ọ̀fun ni ìkorò ti ń sọ òtítọ́, ẹnu máa ń purọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ẹlòmíràn á sùn. Glenda á wọ bọ́ọ̀sì lọ tọ́ bítà àwọn ilé ọtí mìíràn wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé bí ife kan kò bá dára, ẹni tó rà á á gbé e padà, ẹni tó tà á á sì fún un ní òmíràn láìjiyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ṣe é. Wọn á rọra mu ìyà náà tán, wọn á dúpẹ́, wọn á wá lọ máa ráhùn sí ìyàwó wọn létí. Glenda máa ń gbé e padà. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, nílé ọtí kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ìlú kejì, ó gbé tirẹ̀ padà fún ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń tajà. Ọkùnrin náà kò tọ́ ọ wò, kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, màmá," ó wí. "Bítà gidi ni. Ó lè jẹ́ pé kò bá yín lára mu ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ráhùn."

"Ọmọ mi, ọtí kíkan lèyí. Wọ́n gbé irú rẹ̀ fún Olúwa wa lórí àgbélébùú. Ó tọ́ ọ wò, kò mu ún. Ṣé èmi ló wá yẹ kí n mu ún?"

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì fún un ní òmíràn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, ní gbogbo ọ̀nà títí dé Harrowclough, Glenda ń bá fèrèsé jà. Kíkan kọ́ ló ń bí i nínú. Ohunkóhun tó bá wà láàyè lè bàjẹ́. Gbólóhùn yẹn ni: *kò sí ẹlòmíràn tó ráhùn*. Ó ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pa bítà káàkiri ilẹ̀ England.

Bó ti wà nìyẹn nígbà tí iléeṣẹ́ tó ni Àgbò Dúdú rán máníjà tuntun wá sí àgbègbè náà.

Giles Lockett lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ará gúúsù, bàtà ẹnu ṣóńṣó. Fóònù ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ènìyàn búburú kọ́. Ó máa ń kí ènìyàn, ó sì máa ń rántí orúkọ ajá oníbàárà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ fẹ́ kó bítà kúrò nínú gbogbo ilé wọn, kí wọ́n fi ọtí tútù tí gáàsì ń tì jáde rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí kì í kan, tí kì í rú, tí kò sì ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nǹkan kan. Wọ́n ti kó o kúrò nílé mẹ́rin. Ti Àgbò Dúdú ló le, nítorí ìwé àdéhùn tí Glenda jogún lọ́wọ́ Irvin sọ pé wọn kò lè yọ bítà níbẹ̀ àfi bí olùtọ́jú rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ òun. Bí oṣù kẹta bá sì parí láìsí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀, àdéhùn náà á tún lọ fún ọdún márùn-ún gbáko. Nítorí náà, Giles gbọ́dọ̀ wá tọ́ bítà náà wò kí oṣù tó parí, bó bá sì bàjẹ́, kí Glenda fọwọ́ sí i, kí wọ́n wá tú àwọn páǹpù ọlọ́wọ́ igi dúdú orí káúńtà dànù. Glenda mọ ohun tí òun á dà lọ́jọ́ náà: obìnrin arúgbó kan tó ń tẹ bọ́tìnnì.

Giles dé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, ní aago méjìlá ku díẹ̀. Glenda ti tọ́ bítà wò ní aago mẹ́wàá. Àgùntàn mọ́kànlá ló kà gba inú ife. Norris Pickles, tó ti fi ogójì ọdún mọ ògiri olókùúta lórí àwọn òkè kó tó fẹ̀yìn tì, wà nídìí iná pẹ̀lú Desmond Uttley tó ń wa bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ife ńlá kọ̀ọ̀kan wà níwájú wọn, ó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Àwọn arìnrìn-òkè mẹ́fà, àwọn tó ń fi rírìn lórí òkè najú, tí òjò lé wọlé, ń béèrè páì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbóná, ọwọ́ Glenda sì dí. Giles ní òun fẹ́ lọ wo bí àjà ilẹ̀ ṣe tutù sí. Glenda ní kó máa lọ, kó ṣáà ṣọ́ orí.

Ó pẹ́ níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó gòkè, ó ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ báni gbé ẹrù. Ó jókòó síwájú káúńtà, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí Glenda fún òun ní ààbọ̀ ife.

Glenda di ọwọ́ páǹpù mú, ó fà á. Bó ti ń jáde ni ojú rẹ̀ yí padà. Ọtí tó ń bọ̀ nínú ife rú bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. "Dúró," ó wí, ṣùgbọ́n Giles ti gba ife. Ó fi ètè ṣóńṣó mu díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n gbé àgbo fún, ó sì fi bírò fàlà sínú ìwé.

"Ó kan," ó wí.

Ariwo ṣíbí àwọn arìnrìn-òkè dáwọ́ dúró. Glenda na ọwọ́ kọjá káúńtà, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Ó gbé e síbi fèrèsé: kò rí àgùntàn, kò rí òkè. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mu ún, ó gbé e mì, ó sì dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti yàrá kejì.

Ọtí tó kan máa ń gún ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Èyí kò gún nǹkan kan. Ó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu ni, ó ń rùn bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì, ìkorò rẹ̀ sì wà lábẹ́ gbogbo ìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láàárọ̀. Ìwúkàrà ni. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ti gòkè wá dàpọ̀ mọ́ ọtí. Kò sì sí ohun tó lè gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dìde láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjìlá bí kò ṣe ohun kan ṣoṣo: ẹnìkan ti mi àgbá náà.

Ó yíjú sí ìdí iná. "Norris, gbé ife rẹ wá."

Norris gbé e wá. Ó ku díẹ̀ kó dé ìdajì. Glenda gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Giles. Àgbá kan náà, páǹpù kan náà, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló wà láàárín wọn. Ọ̀kan dà bí wúrà, èkejì dà bí àbàtà. Norris na ọwọ́ láti gba tirẹ̀ padà.

"Má fẹnu kàn án mọ́. Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí báwo? Owó mi ni mo fi rà á."

"Mo ní ẹ̀rí ni, Norris. Lọ jókòó."

Norris lọ jókòó, ó ń wo ẹ̀rí náà láti òkèèrè. Glenda wá fọwọ́ méjèèjì ti káúńtà. Kò pariwo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ìgbà tó bá pariwo ni kí ènìyàn fọkàn balẹ̀.

"Giles, kí lo ṣe nísàlẹ̀?"

Inú ọmọkùnrin náà dùn pé ó béèrè. "Há, mo bá yín ṣe é ni, Glenda. Àgbá yẹn sùn gbalaja. Wọ́n kọ́ wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé tó bá ti ń lọ sí ìdajì, kí wọ́n fi igi ti ìdí rẹ̀ sókè kí ọtí lè ṣàn síwájú. Mo rí igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wúwo o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tì í kó tó wọlé. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Ó wá jọ pé Desmond ló kọ́kọ́ yé, nítorí òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èyí tó dà bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù.

"Ọ̀gá," ó wí, "ẹ dúpẹ́ pé ilé ìgbẹ̀bí kọ́ lẹ lọ. Ẹ̀ bá mi ọmọ tó ń sùn jí, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ yìí kì í sùn."

Àwọn arìnrìn-òkè bú sẹ́rìn-ín. Norris náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára ife rẹ̀. Glenda nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣàlàyé fún Giles, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń já bọ́ bí òkúta, pé òótọ́ ni wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ tán. Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń gbé ìdí àgbá. Lẹ́yìn tí oníbàárà ìkẹyìn bá lọ ni wọ́n ń gbé e, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìka kan lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orí aláìsàn, kó lè rí àkókò sùn padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹni tó ń tì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sán gangan, kó tún wá jókòó lókè láti tọ́ ọ wò. Àgbá náà á tòrò padà bó bá di ọ̀la. Kò kan. Ó rú ni, Giles ló sì rú u.

Bí Giles ìbá ti rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ nígbà yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ṣùgbọ́n àlejò ni láàárín wọn, wọ́n sì ti fi í rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ wá di ti ọ́fíìsì. Ó ní ohun tí wọ́n gbé fún òun ni òun tọ́ wò, ohun tí òun tọ́ wò ni òun kọ.

"O kọ ọ́ pé ó kan. Kò kan. Ṣé o kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkan àti rírú ni?"

"Kò sí àyè fún 'ó rú' nínú ìwé, Glenda." Ó yí ìwé náà sí i kó rí i. "Ẹ wò ó fúnra yín. 'Ó dára', 'ó kan'. Méjì náà ni."

Glenda wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn kan jókòó síbì kan, wọ́n tẹ ìwé tí wọn yóò fi dájọ́ ohun ẹlẹ́mìí, wọ́n sì fi kìkì ilẹ̀kùn méjì sí i, ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, láìsí ẹni tó rántí pé nǹkan lè kàn dojú rú, kó sì tún tòrò. Ó sọ lẹ́yìn náà fún Norris pé ibẹ̀ gan-an ni ooru kan ti gba àyà òun gòkè. Ó ní òun ò bínú sí ọmọkùnrin náà tó bí òun ṣe bínú sí ẹni tó tẹ ìwé yẹn, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀, ọmọkùnrin yìí ló wà níbẹ̀.

Ó mú jọ́ọ̀gì lára ògiri, ó sọ̀kalẹ̀. Àgbá kejì wà níbẹ̀, èyí tó ń tọ́jú de ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti tòrò, kò tíì sí ẹni tó ta nínú rẹ̀. Kò fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ náà, ìyẹn tún bí i nínú. Ó ṣí i, ó fa jọ́ọ̀gì kan lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ó gbé e gòkè, ó rọ ọ́ sínú ife tó mọ́, ó sì tì í síwájú Giles.

"Mu ún."

Giles mu ún. Ó mu lẹ́ẹ̀kan, ó mu lẹ́ẹ̀kejì, kò sì jọ pé ó mọ̀ nígbà tó mu lẹ́ẹ̀kẹta. Glenda ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ó kan?"

"Èyí dára," Giles wí, ó gbé ife kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. "Ṣùgbọ́n èyí kọ́ lẹ kọ́kọ́ gbé fún mi." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́. Ó ní kò sí ẹni tó ń sọ pé kò mọṣẹ́. Wọ́n lè kọ ọ́ pé ọ̀pá ló dọ̀tí, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ á fún un ní ẹ̀rọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ wo àtẹ̀gùn yẹn, Glenda. Ó ga fún ẹni tó ti ń dàgbà. Ẹ kàn fọwọ́ síbí, ẹ máa sinmi."

"Ṣé àtẹ̀gùn ló rán ọ sí mi ni?"

Ó na ọwọ́. Giles rò pé ó ti gbà, ó fún un ní bírò. Glenda fa ìwé náà mọ́ra, ó sì kọ̀wé sí etí rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ láyé ìgbà náà: *Kò kan. Giles Lockett gbé ìdí àgbá mi sókè ní ọ̀sán gangan, ó gòkè wá, ó sì tọ́ ọ wò.* Ó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ó yí ìwé náà padà sí i.

"Èmi á fọwọ́ sí i. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

"Mi ò lè mú èyí lọ sí ọ́fíìsì."

"Kí ló dé? Irọ́ ni?"

Giles wo àwọn arìnrìn-òkè, ó wo Desmond, ó wo àwọn ife méjèèjì tó wà lórí káúńtà. "Kì í ṣe irọ́."

"Fọwọ́ sí i nígbà náà."

Kò fọwọ́ sí i. Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò, ó jáde sínú òjò, bàtà ṣóńṣó rẹ̀ sì ń bá ọ̀gọ̀dọ̀ pàdé lọ títí dé ìdí ọkọ̀. Glenda fa èyí tó rú náà kúrò nínú ọ̀pá, ó da ife Giles nù, ó sì rọ ife tuntun fún Norris láti inú jọ́ọ̀gì, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ ti gbóná jù. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, àgbá tí wọ́n tì náà ti tòrò. Àgùntàn mẹ́sàn-án. Ó ta á tán kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé.

Látìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Giles ń wá. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó mú ìwé tuntun wá tí wọ́n ti fàlà sí "ó kan", tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sí etí rẹ̀. Glenda ní ibo ni ti àkọ́kọ́ wà. Giles ní ó ti dọ̀tí. Glenda ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló fi òtítọ́ dọ̀tí i, kó lọ mú un wá. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, lẹ́tà tó ń fi ìbọ̀wọ̀ halẹ̀. Glenda kà á níṣojú gbogbo ilé pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bi í bóyá ọ̀gá náà mọ̀ pé Giles gbé ìdí àgbá. Giles ní rárá, òun kò tíì sọ fún un. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, Glenda máa ń fa ife kan fún un kó tó lọ, nítorí oníbàárà ni oníbàárà ń jẹ́, àti pé ó fẹ́ máa wo ọ̀fun rẹ̀. Ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀ ló ń tì pa.

Ọjọ́ tí oṣù á parí bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Giles dé ní aago mẹ́rin. Kò mú ìwé kankan yọ. Ó mu ife rẹ̀ dé ìdajì, ó ń fi ìka fa ìlà sára omi tó wà lára ife.

"Glenda, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé o gbé ìdí àgbá."

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Mo ti sọ fún wọn pé mo mọ̀ nípa àjà ilẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fún mi ní àgbègbè yìí nìyẹn."

Ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ìyá tó bá bímọ ọkùnrin á ti mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Glenda kò bímọ ọkùnrin. Ó gbé bírò kan láti ẹ̀yìn káúńtà, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé funfun kan, ó sì lọ dá ẹlòmíràn lóhùn. Nígbà tó padà, bírò náà wà níbẹ̀, ìwé náà funfun síbẹ̀, ife ti gbẹ, Giles sì ti lọ.

Ní aago mẹ́fà, ọ́fíìsì ti tì, oṣù ti parí. Bítà Àgbò Dúdú tún di ọdún márùn-ún. Norris ló kọ́kọ́ ka aago náà sókè, àwọn tó wà níbẹ̀ sì pàtẹ́wọ́, Desmond ní òun á ra ife fún gbogbo ilé, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Glenda ń fa ife lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ le koko, ó ń gbé wọn sórí káúńtà bí ẹni tó ń kan ìṣó.

Norris bi í léèrè ohun tó tún kù tó ń bí i nínú báyìí, nígbà tí bítà ti wà síbẹ̀.

"O rò pé dídára rẹ̀ ló gbà á là?" Glenda wí. "Kò sí ẹni tó kọ 'ó dára' sínú ìwé kankan, Norris. Ọmọdékùnrin kan ló ń tijú. Ìtìjú ló gbà wá. Bí wọ́n bá wá rán ẹni tí kò nítìjú sí wa lọ́dún márùn-ún òní ńkọ́?"

Norris ronú sí i. Ó gbé ife rẹ̀ síbi iná, ó wò ó, ó sì mu ún.